Fánísì Tàbí Epo? Bí Mo Ṣe Yan Ohun Tí A Fi Kun Fàráńdà Onípákó Wa

Bí èèyàn bá sọ pé òun fẹ́ fi pákó ṣe fàráńdà ní Abẹ́òkúta, irú igi tó fẹ́ lò ni gbogbo ayé máa bi í. Igi ṣe pàtàkì, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí èmi àti káfíńtà wa jọ rò nígbà tí à ń ṣe tiwa, ohun tí a máa fi kùn ún ló gbà mí lákòókò jù, torí òun ló máa sọ bóyá èèyàn á jókòó gbádùn fàráńdà náà tàbí á máa bá a jà lọ́dọọdún. Mo wá rí i pé ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ta nǹkan wọ̀nyí kì í fẹ́ dáhùn. Pé ó ń dán, wọ́n á ti sọ fún yín kí ẹ tó bi wọ́n. Iye ọdún tó máa lò, wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á tún bù lé e. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé: lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, báwo ló ṣe máa bàjẹ́, iṣẹ́ wo ló sì máa já lé mi lọ́wọ́? Ẹ máa rí i pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníbàárà mìíràn lójú pópó.

Ilé wa wà lápá Aṣérò, àpáta ló sì pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí a rà. Iwájú ilé dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ká ní a fẹ́ da kọnkéré síbẹ̀, iyanrìn tí a máa kọ́kọ́ fi dí i kò kéré. Bàbá Káfíńtà ló dá a lábàá pé ká to búlọ́ọ̀kù sórí àpáta bí òpó kéékèèké, ká wá tẹ́ pákó lé wọn. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀. Ìyá mi ló nílò rẹ̀ jù. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí aró ní Ìtòkú, orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè máa sọ̀ kalẹ̀ sójú ilẹ̀ mọ́, wọn kò sì fẹ́ máa jókòó sí pálọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun méjì wà nípa ibẹ̀ tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn: ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, oòrùn ọ̀sán kì í dá a sí, òrùlé sì bo apá kan rẹ̀ nìkan, apá kejì wà lábẹ́ ojú ọ̀run.

Ìrókò la rà. Igi apá wà ní sọ́mìlì, ó tilẹ̀ lẹ́wà jù ú lọ lójú tèmi, àmọ́ owó rẹ̀ kọjá agbára wa. Tíìkì náà wà. Wọ́n ti ń gbin tíìkì nítòsí wa láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ní igbó ọba Olókèméjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1899, ṣùgbọ́n èyí tí a bá lọ́jọ́ náà jẹ́ igi tí kò tíì gbó, funfun rẹ̀ pọ̀ ju àárín rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ funfun yìí kan ìrókò náà. Gbogbo ìyìn tí wọ́n ń yin ìrókò pé kì í tètè jẹrà, pé ikán kì í fẹ́ ẹ, àárín igi ni wọ́n ń yìn. Funfun tó wà létí rẹ̀ kò lágbára kankan, kòkòrò á lù ú bí ẹni pé arère ni. Kò sì sí ohun tí a lè kùn sí i tó máa sọ ọ́ di àárín. Nítorí náà a ṣa pákó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tà á ń kùn, a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Pákó tútù ni gbogbo wọn, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. A tò wọ́n sábẹ́ páànù, a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá, a fi wọ́n sílẹ̀ títí òjò fi lọ. Ohunkóhun tí ẹ bá kùn sí igi tútù, òkè rẹ̀ ló máa wà, torí omi ti gba inú. Ìdúró yẹn wúlò fún mi lọ́nà méjì: pákó gbẹ, èmi náà sì ráyè gbọ́ ìmọ̀ràn.

Ìmọ̀ràn pọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ fánísì tó máa dán gbinrin, kí àlejò tó dé ẹnu géètì ti mọ̀ pé wọ́n náwó. Pẹ́ńtà àdúgbò ní ọ̀dà ni kí a kùn ún. Bàbá Káfíńtà ní tiwọn kò wò ó rárá.

“Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n bá yín gba ọ́ìlì dúdú lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀fẹ́ ni. Ikán kì í sún mọ́ ọn.”

“Bàbá, ẹ má bínú o. Orí pákó yìí làwọn ọmọ á máa rá kiri.”

“Bó bá ti gbẹ, kò sí wàhálà.”

“Kì í gbẹ, sà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọ́ìlì tí ẹńjìnnì ti lò tán kì í gbẹ lára igi, ńṣe ló ń wọnú lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tó kù lókè á máa lẹ̀ mọ́ aṣọ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn èròjà tó wà nínú rẹ̀ lè fa àrùn jẹjẹrẹ fún ẹni tó bá ń fara kàn án léraléra. Igi òrùlé tí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án làwọn káfíńtà wa sábà máa ń fi í kùn, èmi ò sì ní kí wọ́n má ṣe é níbẹ̀. Àwọn igi ìsàlẹ̀ tó gbé pákó dúró, a kun Solignum sí wọn kí a tó tò wọ́n, nítorí ikán Aṣérò kò gba ẹ̀bẹ̀. Solignum kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́, kò sì ní ohun tó máa ṣe fún òkè níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí kòkòrò má wọlé.

Màmá ní tiwọn ní àdí ni. Láyé tiwọn, àdí ni wọ́n fi ń pa ọmọrí odó, tí í fi í dúdú mìnìjọ̀. N kò lè já wọn ní koro, mo kàn fi àdí díẹ̀ pa àgékù pákó kan, mo gbé e sí ẹ̀yìn ilé. Láàárín ìgbà díẹ̀ ó ń rùn, eruku lẹ̀ mọ́ ọn, èèrà sì rí ibẹ̀ bí ọjà. Ohun tó fà á ni pé kì í ṣe gbogbo epo ló máa ń gbẹ. Epo pupa, àdí, òróró ẹ̀pà, bí wọ́n bá wà nínú afẹ́fẹ́ títí, epo náà ni wọ́n á ṣì jẹ́, wọ́n á kàn kan ni. Epo lẹ́ńsíìdì tí wọ́n ń fún lára irúgbìn ọ̀gbọ̀, àti epo tung tó wá láti Ṣáínà, afẹ́fẹ́ máa ń yí wọn padà, wọ́n á le gan-an nínú igi, wọn kò sì ní padà di olómi mọ́. Irú epo bẹ́ẹ̀ nìkan ló yẹ igi tí èèyàn máa fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ti pẹ́ńtà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nínú gbogbo ohun tí a lè kùn, kò sí èyí tó ń bo igi lọ́wọ́ oòrùn tó ọ̀dà, torí kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kàn án rárá. Ó tilẹ̀ ní òun máa po iyanrìn kíkúnná mọ́ ọn kí ó má bàa yọ̀, èyí sì bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn Sàró kọ́, àwọn tó ní fèrèsé pákó àti rélì onígi lókè. Níbi tí etí òrùlé ti bo igi, ọ̀dà ti kúrò lára òmíràn pátápátá, igi ṣì le koránkorán. Ibi tí rélì ti pàdé pákó ìsàlẹ̀, níbi tí omi ń dúró sí, ọ̀dà ṣì wà lórí rẹ̀ ní ìpele ìpele, ẹ wá fi ìka tẹ igi abẹ́ rẹ̀, ó ti rọ̀. Ọ̀dà á sán díẹ̀, omi á gba ojú sísán yẹn wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde. Lára ògiri, ìyẹn kò le tó bẹ́ẹ̀. Lára ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí òjò ń lù, tí bàtà ń ha, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ohun kan náà ló ń ṣe fánísì, àyàfi pé ti fánísì yá jù. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá títí, àwọn ni wọ́n padà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní, “Ṣebí bí ẹ̀kọ tí a fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni fánísì rẹ yẹn? Ojú aṣọ ló ń gbé. Bó bá gbẹ tán, a ó ha á kúrò. Aró ló ń wọ inú òwú lọ, òun lo ò lè ha.” Mo ti ń wá ọ̀nà tí màá fi sọ ọ́ fún àbúrò mi, kò tún sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí n tilẹ̀ sọ ohun tójú ọjọ́ wa ń ṣe sí i. Igi kì í dúró sójú kan. Ní oṣù June àti July ó ń mu ọ̀rinrin, ó ń wú. Bí ọyẹ́ bá dé ní December, ó ń gbẹ, ó ń sún kì. Fánísì tó ti le bíi gíláàsì kò lè bá a wú kó bá a sún kì, ńṣe ló máa sán. Oòrùn náà ń ṣe tirẹ̀: fánísì funfun tí a lè rí inú rẹ̀, ìtànṣán oòrùn á gba inú rẹ̀ kọjá, á máa jẹ èròjà tó so fọ́nrán igi pọ̀ mọ́ra, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lignin. Bí òkè igi bá ti tú, kí ni fánísì máa dì mú? Ibẹ̀ ló ti ń ṣí bí awọ ejò. Òótọ́ ni pé fánísì ọkọ̀ ojú omi wà tí wọ́n ṣe kí ó lè máa tẹ̀, tí wọ́n sì fi ohun tó ń dí ìtànṣán sínú rẹ̀. Ó sàn gan-an. Òun náà máa ṣí lọ́jọ́ kan, ọjọ́ tó bá sì ṣí, ẹ kò lè kun tuntun lé ògbólógbòó tó ti wú. Ẹ máa ha gbogbo rẹ̀ kúrò dójú igi. Ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 10, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú eruku ìrókò tó ń yún ara tó sì ń ta imú. Ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn?

Síbẹ̀ n kò fẹ́ gbára lé àròyé nìkan. Mo ní kí Bàbá gé àgékù pákó fún mi, mo kun wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo kàn wọ́n mọ́ òrùlé ilé adìẹ níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń bá wọn: fánísì, ọ̀dà, epo lẹ́ńsíìdì lásán, epo tí wọ́n ti po àwọ̀ ilẹ̀ mọ́, àti ọ̀kan tí n kò fi nǹkan kan kùn. Wọ́n wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí ọyẹ́ fi dé. Fánísì ló dára jù lójú títí di àárín òjò. Lẹ́yìn náà ni etí ibi tí ayùn gé bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, omi ti gba ẹnu igi wọ abẹ́ rẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe ọ̀dà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́, nítorí náà mo mọ ibi tí mo lè gbà á gbọ́ dé. Epo lẹ́ńsíìdì lásán yà mí lẹ́nu: ó yọ tótòtó dúdú káàkiri. Ẹ̀bu ni. Epo irúgbìn ni, oúnjẹ ló sì jẹ́ fún ẹ̀bu ní ilẹ̀ ọlọ́rinrin bíi tiwa, àfi tí wọ́n bá fi oògùn ẹ̀bu sí i. Epo aláwọ̀ ṣá díẹ̀, ó ṣá dọ́gba, kò sí ibi tó ti ṣí. Èyí tí n kò fi nǹkan kan kùn di eérú lójú, ó sán wínníwínní lókè, kò jẹrà.

Èyí tó kẹ́yìn yìí, àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ àárín ìrókò gidi lẹ ní, tí àwọ̀ eérú kò sì bí yín nínú, ẹ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi owó epo ra nǹkan mìíràn. Ó wù mí. Màmá ló kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn kò lè jókòó sórí ohun tó jọ pákó pósí tí wọ́n hú.

Nítorí náà epo aláwọ̀ la mú. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa rí agolo tí wọ́n kọ teak oil sí. Kò sí epo igi tíìkì nínú rẹ̀. Epo lẹ́ńsíìdì tàbí tung ló sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n fi tínà àti fánísì díẹ̀ là. Ohun tó yẹ kí ẹ wá lára agolo ni bóyá ó wà fún ìta, bóyá ó ní oògùn ẹ̀bu, bóyá ó ní àwọ̀. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe fún ẹwà nìkan, òun ló ń dí oòrùn. Pupa rúsúrúsú bí obì la yàn. Dúdú jù á máa jó Màmá lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án.

Ìrókò ní ìwà kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Omi ara rẹ̀ máa ń dá epo dúró kó má tètè gbẹ. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ohun tí Bàbá ṣe ni pé wọ́n fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú tínà nu ojú pákó, wọ́n dúró kí tínà fò lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lójú ẹsẹ̀. Sáńpépà tí a fi ha á kò kúnná jù, a dúró sí nọ́ńbà 80. Ọmọ iṣẹ́ wọn fẹ́ ha á títí á fi máa yọ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe àga, Bàbá dá a dúró. Ojú igi tó bá kúnná jù ti pa ẹnu dé, epo ò ní wọlé.

A kun gbogbo ojú pákó kí a tó kàn wọ́n, títí kan ẹ̀yìn. Ẹnu ibi tí ayùn gé, a kùn ún léraléra títí kò fi gbà mọ́, torí ibẹ̀ ni igi ti ń mu omi jù. A fi àlàfo díẹ̀ sáàárín pákó kan àti èkejì kí omi lè máa jò sílẹ̀. Sùkúrúù tí kì í dípẹtà la lò, nítorí bí irin lásán bá pàdé omi ara ìrókò àti òjò, àmì dúdú á yọ yí i ká, epo kankan kò sì lè bò ó. Epo àkọ́kọ́, a fi tínà là á kó lè jìn. Ìkejì, bó ṣe wà. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, èyí tí pákó kò mu, ẹ fi àkísà nù ún kúrò pátápátá. Àṣìṣe tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń kun epo nìyí: wọ́n á fi í sílẹ̀ lókè kó lè dán, á sì máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Nítorí pé à ń nù ún, eruku ọyẹ́ kò rí ohun kan lẹ̀ mọ́. Fánísì ì bá ti kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra.

Ẹ gbọ́ ti àkísà dáadáa. Àkísà tó ti mu epo lẹ́ńsíìdì, tí ẹ bá ká a jọ gbùngbù sí kọ̀rọ̀, lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Bí epo yẹn ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, bí ooru náà kò bá sì rí ọ̀nà lọ, iná ló máa dà. Ẹ sá a sórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ rì í sínú agbada omi. Mo sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ Bàbá, ó rò pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá ló bá mi pariwo mọ́ ọn.

Àbúrò mi kò gbà títí. Ó ní bí kò bá sí ohun tó ń dán, kí la ṣe? A wá fún un ní rélì tó wà lábẹ́ òrùlé. Òjò kì í dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ kì í tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ nìkan ló ń kàn án, fánísì kò sì ní ìyà kankan jẹ níbẹ̀. Ó fi fánísì ọkọ̀ ojú omi kùn ún fúnra rẹ̀, ó dán gbinrin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kọ́. Fánísì tí omi bá wà lórí rẹ̀ ń yọ̀, mo sì mọ iye tí egungun ìbàdí àgbàlagbà ń náni.

Báyìí, bí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, mo máa ń ta omi sójú pákó níbi mélòó kan. Ibi tí omi bá ti dúró ní ìkán ìkán, mi ò fọwọ́ kàn án. Ibi tó bá ti fà á mu, bí ẹnu àtẹ̀gùn àti iwájú àga Màmá, mo máa ń fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, mo sì tún epo kùn níbẹ̀ nìkan. Kò sí híha, kò sí ìkúnlẹ̀ gígùn. Apá tó wà lábẹ́ òrùlé kò tíì béèrè epo lẹ́ẹ̀kejì.

Epo tó bá ṣẹ́ kù nínú agolo máa ń dì lókè bí ògì tó tutù, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà nínú àlàfo agolo ni. Òkúta wẹ́wẹ́ tí mo fọ̀, tí mo sì sá kó gbẹ, ni mo ń dà sínú rẹ̀ títí epo á fi gòkè dé ẹnu, kí n tó dé e pa.